Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aṣòfin Amẹ́ríkà: Ẹ Yé Yí Àdéhùn Padà Mọ́ Ọmọ Tó Ti Tọwọ́ Bọ̀wé Lórí

Sí ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ológun nílé aṣòfin méjèèjì ní Washington, àti sí Akọ̀wé Ètò Ààbò ní Pentagon, olú ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń kàwé ní West Point (ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ogun orí ilẹ̀), ní Annapolis (ti ojú omi) àti ní Colorado Springs (ti òfurufú) ni mo bá wá, àwọn tí ẹ̀bùn eré ìdárayá wọn pọ̀ débi pé àwọn ẹgbẹ́ tó ń sanwó ń dù wọ́n. Ṣé kí wọ́n lọ ṣeré ná kí wọ́n tó wá sìn, àbí kí wọ́n sìn ná kí wọ́n tó lọ ṣeré? Láàárín ọdún 2005 sí 2022, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni ìjọba Amẹ́ríkà dáhùn ìbéèrè yìí, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sì ta ko èyí tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti wà lójú ọ̀nà nígbà tí ìdáhùn yí padà ni mo ń gbẹnu sọ fún.

Èdè Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún yín kò wọ́n ní Washington. Ṣùgbọ́n àwọn òbí bíi tèmi, tó wà níbí ní Maryland, tó wà ní Houston, ní Atlanta àti ní Chicago, mo fẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọmọ wọn ga, ó lè sáré, ó sì mọ̀wé. Bí kóòṣì bá kan ilẹ̀kùn, tó ní ọ̀fẹ́ ni ilé ẹ̀kọ́ náà fún ọdún mẹ́rin gbáko, tó ní wọ́n á tún máa fún ọmọ lówó lóṣooṣù, ọpẹ́ la fi ń gbà á lálejò. Ìwé tí ọmọ máa tọwọ́ bọ̀ kì í sí lára ohun tí à ń béèrè lọ́jọ́ yẹn.

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Ìyá mi jẹ́ aránṣọ ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, ó sì máa ń gba ọmọ iṣẹ́. Kí ọmọ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, àwọn òbí rẹ̀ á wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á ka ìwé àdéhùn síta, ẹlẹ́rìí á sì wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni. Owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n máa gbé wá lọ́jọ́ frídọ́ọ̀mù náà wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà lára wọn nígbà tí mo ṣì kéré. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò tíì lo ọdún méjì tí àwọn oníbàárà fi ń sọ pé òun ni kó bá àwọn rán tàwọn. Ìyá mi ì bá wá ọgbọ́n tí yóò fi dá a dúró. Ọjọ́ tí ọdún mẹ́ta pé gan-an ló ní kó kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀, ó gbàdúrà fún un, ó sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí mo dàgbà, mo bi í bóyá kò dùn ún. Ó ní ó dun òun dé eegun, ṣùgbọ́n ìwé tí òun fọwọ́ ara òun kọ ni, bí òun bá sì yí i padà mọ́ ọmọ ẹnì kan lórí, ta ni yóò tún fa ọmọ rẹ̀ lé òun lọ́wọ́?

Àwọn ọmọ West Point náà, ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jẹ gbèsè ìlú kó gbé e sálọ. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ìwé tí ọmọ tọwọ́ bọ̀ de ẹ̀yin náà bó ṣe de ọmọ.

1. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìwé náà, nítorí àwọn òbí tó ń kà á.

Kò sẹ́ni tó ń ṣèèṣì wọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ yìí. Yàtọ̀ sí pé ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀wé, kí ara rẹ̀ sì le, ó gbọ́dọ̀ rí ẹni tó máa dárúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ẹni náà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yin aṣòfin. Ọ́fíìsì yín ni ìwé wọn ti ń jáde. Bí ọmọ bá wọlé, owó orí àwọn ará ìlú ló ń bọ́ ọ, òun ló ń wọ̀ ọ́ láṣọ, òun náà ló ń kọ́ ọ níwèé. Ní ọdún àkọ́kọ́ àti ìkejì, bí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á mọ́, ó lè dì ẹrù rẹ̀ kó máa lọ, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ọjọ́ tó bá jókòó sí kíláàsì àkọ́kọ́ ti ọdún kẹta, ilẹ̀kùn ti tì. Láti ọjọ́ náà, ó ti gbà pé òun máa sìn gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ológun fún ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́, kí òun sì tún wà nínú àwọn tí wọ́n lè pè nígbàkigbà fún ọdún mẹ́ta sí i. Bó bá yẹ àdéhùn, wọ́n lè ní kó dá owó ìwé padà, tàbí kó lọ sìn bí ọmọ ogun lásán.

Ọmọ ogún ọdún tàbí ọdún mọ́kànlélógún ló ń ṣe ìpinnu yìí. Ó gbé ohun tó mọ̀ lọ́jọ́ náà lé ìwọ̀n, ó sì tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọjọ́ náà bí ẹ ṣe ń ka ohun tó kù.

2. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀.

Ní 2005, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ tó gba ọmọ West Point láyè láti lọ ṣeré níbi tí wọ́n bá ti gbà á, kó máa bá wọn pe àwọn ọ̀dọ́ sínú iṣẹ́ ológun, kó sì wá san ọdún rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ètò yìí ni Caleb Campbell gbójú lé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2008, ó wọ aṣọ West Point lọ sí gbọ̀ngàn Radio City Music Hall ní New York, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì fútbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ń sanwó, ti ń yan ọmọ. Ìpele keje, èyí tó gbẹ̀yìn, ni Detroit Lions tó dárúkọ rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ orílẹ̀-èdè wọn. Àwọn ológun dunnú, àwọn oníròyìn ń sáré tọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tó di oṣù keje, tí ọmọ náà ti dé Detroit, tó ku díẹ̀ kí ìgbáradì bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ fún un pé ìlànà Pentagon kò fara mọ́ ètò náà mọ́. Kó padà. Ó padà. Ó sìn ọdún méjì, ó tún bọ́ sọ́dọ̀ Lions ní 2010, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba eré díẹ̀ ló ṣe kí gbogbo rẹ̀ tó parí.

Ìjọba ló fún un láṣẹ. Ìjọba ló mú un jókòó síwájú gbogbo ayé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Ìjọba náà ló sì pè é padà. Kí ló ṣẹ̀?

Ní 2016, nígbà tí Ash Carter jẹ́ Akọ̀wé Ètò Ààbò, ilẹ̀kùn tún ṣí. Keenan Reynolds láti Annapolis rí i gbà, Baltimore Ravens mú un, wọ́n sì fún un láyè láti lọ. Kò pé ọdún kan tó tún yí padà. Ní òpin oṣù kẹrin ọdún 2017, bí NFL ṣe ń yan ọmọ lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú kéde pé Jalen Robinette, ẹni tí gbogbo èèyàn ń retí pé ẹgbẹ́ kan máa mú, kò ní àyè láti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ náà ni James Mattis, tó ti di Akọ̀wé Ètò Ààbò, wọ́gi lé ìlànà Carter: ó kéré tán, ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohunkóhun. Mi ò bá Mattis jà lórí ọdún méjì. Ó ní ìdí rẹ̀, ìdí náà sì ní ìwọ̀n. Ọjọ́ tó bọ́ sí ni mo ń wò. Ọmọ ti parí ọdún mẹ́rin. Ó ti ń retí ìpè. Ṣé oṣù mẹ́fà ṣáájú kò tó láti sọ ọ́ ni?

Ní 2019, Ààrẹ Trump pàṣẹ pé kí wọ́n tún un ṣí. Mark Esper, Akọ̀wé Ètò Ààbò nígbà náà, fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún náà: ọmọ lè lọ ṣeré, kó sì gbà pé òun máa wá sìn lẹ́yìn náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó dá owó padà. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ó ti parí nìyẹn.

Ni ọ̀rọ̀ Cameron Kinley bá dé ní 2021. Ọmọ Memphis ni, olórí kíláàsì rẹ̀ ní Annapolis. Lọ́jọ́ tí wọ́n jáde, òun ló dìde láti fa Igbákejì Ààrẹ Kamala Harris kalẹ̀ fún àwùjọ. Tampa Bay Buccaneers, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife Super Bowl, ti gbà á. Ìlànà Esper ṣì wà láyé. Síbẹ̀, adelé Akọ̀wé fún àwọn ọmọ ogun ojú omi, Thomas Harker, sọ pé rárá. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan náà, Jon Rhattigan láti West Point gba àyè, ó sì lọ sí Seattle. Orílẹ̀-èdè kan ni àwọn méjèèjì ń sìn. Ìwé kan náà ló wà lórí tábìlì. Àwọ̀ aṣọ nìkan ló yàtọ̀. Ọmọ náà àti àwọn ẹbí rẹ̀ ké síta títí Lloyd Austin, Akọ̀wé Ètò Ààbò nígbà náà, tó jẹ́ ọmọ West Point fúnra rẹ̀, fi dá ọ̀rọ̀ náà padà ní oṣù keje. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí Kinley fi ń dúró de ìdáhùn, àwọn ọ̀sẹ̀ tí ọmọ tuntun máa ń fi mọ ọ̀nà ilé ni. Ní oṣù kẹjọ, Tampa Bay jẹ́ kó lọ.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yin fúnra yín. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, nínú òfin ìnáwó ètò ààbò, ẹ fi ìlà kan sí i tó ní kí ọmọ sìn kó tó lọ gba owó eré. Aṣòfin Mike Gallagher láti Wisconsin ló mú un wá. Ní àkókò náà, Andre Carter Kejì, ọmọ Texas, wà ní ọdún tó máa fi jáde ní West Point. Ní àsìkò eré 2021, ó lé ní ìgbà 15 tó mú ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù balẹ̀, àwọn tó mọ eré yìí sì ń sọ pé ó lè jẹ́ ọmọ West Point àkọ́kọ́ tí wọ́n máa tètè dárúkọ láti ìgbà pípẹ́. Ìgbà tí ìlànà 2019 wà nílẹ̀ ló jókòó sí kíláàsì ọdún kẹta. Ó tọwọ́ bọ̀wé tán, ilẹ̀kùn ti tì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá yí ohun tó wà nínú yàrá padà. Ariwo àwọn òbí rẹ̀ ló mú kí ẹ fi ìlà mìíràn sínú àbádòfin ìnáwó òpin ọdún náà, pé òfin tuntun kò kan ẹni tó ti wọlé kí oṣù kẹfà ọdún 2021 tó dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ronú ìlà yẹn. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2023, ìpele méjèèje kọjá láìsí ẹgbẹ́ kan tó pe orúkọ Carter. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Minnesota Vikings tó gbà á. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ òfin yìí ló fà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ náà lo oṣù kejìlá rẹ̀ lórí ìròyìn dípò orí pápá.

Ẹ sì wo ọjọ́ tí ẹ fi pààlà náà. Oṣù kẹfà ọdún 2021 lẹ mú, oṣù kejìlá ọdún 2022 lẹ sì kọ òfin. Àwọn ọmọ tó wọlé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2021 àti ti 2022, ìlànà tó gbà wọ́n láyè ni wọ́n bá nílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé àpótí wọ ẹnu ọ̀nà. Ẹ lè sọ pé wọn kò tíì dé ọdún kẹta, pé wọ́n ṣì lè máa lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti kọ ilé ìwé mẹ́ta mìíràn sílẹ̀ kó tó gba tiyín, tó ti jẹ ìyà ọdún àkọ́kọ́ tán, ẹ ń sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tuntun nítorí pé ẹ̀yin yí ọkàn padà.

3. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo mọ ohun tí ẹ máa fi dá mi lóhùn, mo sì gba apá kan nínú rẹ̀.

Ẹ máa dárúkọ Roger Staubach. Ó jáde ní Annapolis ní 1965, ó ti gba ẹ̀bùn Heisman, èyí tí wọ́n ń fún ọmọ fútbọ́ọ̀lù ilé ìwé gíga tó dára jù, ní 1963, Dallas Cowboys sì ti mú un ní 1964. Ó sìn ọdún mẹ́rin, ó lo ọdún kan ní Vietnam, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sì ni nígbà tó dé Dallas ní 1969. Ife Super Bowl méjì ló gbà. Ẹ máa dárúkọ David Robinson tí San Antonio Spurs kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọmọ básíkẹ́ẹ̀tì ní 1987, tó lọ lo ọdún méjì ní ibùdó ọkọ̀ abẹ́ omi Kings Bay ní Georgia, tó wá bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Alejandro Villanueva jáde ní West Point ní 2010, ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ ojú ogun ní Afghanistan, ó gba ẹ̀bùn ìgboyà Bronze Star, síbẹ̀ ó padà wá dá Pittsburgh Steelers dúró fún ọdún púpọ̀.

Èèyàn ńlá ni wọ́n. Mo ń sọ ìtàn wọn fún àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka àwọn tí a kì í dárúkọ. Glenn Davis àti Doc Blanchard, àwọn méjì tó gba Heisman tẹ̀lé ara wọn ní 1945 àti 1946, tọrọ ìsinmi ní 1947 kí wọ́n lè lọ ṣeré. Wọ́n kọ̀ fún wọn. Blanchard kò ṣeré tó ń sanwó láé. Davis dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ fútbọ́ọ̀lù Rams ní 1950 pẹ̀lú orókún tó ti fara pa, ọdún méjì ló sì lò. Mitch Harris jáde ní Annapolis ní 2008, ó sì sìn fún ọdún tó sún mọ́ márùn-ún, apá kan nínú rẹ̀ lórí ọkọ̀ ogun ojú omi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù fún St. Louis Cardinals ní 2015. Òun ni ọmọ Annapolis àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn nínú bésíbọ́ọ̀lù láti nǹkan bí ọdún 1921.

Ẹ̀wádún mẹ́sàn-án ó lé. Bí ọ̀nà bá wà tó jẹ́ pé ẹnì kan ló ń là á kọjá láàárín irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ẹ má fi í ṣe àpẹẹrẹ pé ọ̀nà náà dára.

Ẹ máa tún sọ pé àyè tí ọmọ kan gbà ní West Point, ọmọ mìíràn tó fẹ́ sìn tọkàntọkàn ló pàdánù rẹ̀. Èyí ni ọ̀rọ̀ yín tó wúwo jù lójú mi. Òbí kan wà ní Ohio tàbí ní Kansas tí ọmọ rẹ̀ kò rí àyè, tó ń wo ọmọ mìíràn lórí tẹlifíṣọ̀n nínú aṣọ NFL, inú rẹ̀ á sì bàjẹ́ pẹ̀lú ẹ̀tọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí gbèsè náà jẹ́ sísan dandan. Mi ò ní kí ẹ dárí jì í.

4. Ní ti iye, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí 1,000 ọmọ jáde lọ́dọọdún. Àwọn tí ẹgbẹ́ tó ń sanwó ń fẹ́ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Kò sí ogun tí Amẹ́ríkà máa pàdánù nítorí wọn. Nítorí náà ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bí ẹni pé àìtó ọ̀gá ológun ló ń lé yín. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìbéèrè bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́, ẹ sì lè jókòó dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù láìjẹ́ pé ẹ dáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ ń kó ẹrù.

5. Ẹ wo Paul Skenes.

Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú ní 2020. Bésíbọ́ọ̀lù ló ń ṣe: ó ń ju bọ́ọ̀lù, ó ń gbá a, ó sì tún ń dúró lẹ́yìn agbábọ́ọ̀lù láti mú un. Ọdún méjì ló lò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2022, kí kíláàsì ọdún kẹta tó dé, ó kó lọ sí ilé ìwé gíga LSU ní Louisiana. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ó tẹ̀lé ìwé. Ọdún tó tẹ̀ lé e, LSU gba ife ilé ìwé gíga, Pittsburgh Pirates sì mú un ṣáájú gbogbo ọmọ tó kù pẹ̀lú owó ìtọwọ́bọ̀wé tó jẹ́ mílíọ̀nù 9.2 dọ́là. Ní 2024, òun ni ọmọ tuntun tó dára jù ní National League, ọ̀kan nínú líìgì bésíbọ́ọ̀lù ńlá méjì Amẹ́ríkà.

Mi ò mọ ohun tó wà nínú ọkàn ọmọ náà, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tó ní ẹ̀bùn tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ló rí ọ̀nà tó gbà. Bí òfin bá ń mì síwá mì sẹ́yìn, ọmọ tó gbọ́n máa lọ lópin ọdún kejì, nítorí pé ọdún kejì nìkan ni ohun tó wà nínú ìwé dá a lójú. Ẹ̀yin sì máa pàdánù ọ̀gá ológun tí ẹ ì bá ní fún ọdún márùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó dé. Ẹ fi ti Griffin Jax wé e. Ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ òfurufú kan náà ní 2017, wọ́n fi í sínú ètò àwọn eléré ìdárayá ológun, ó ń sìn bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù, ó sì dé Minnesota Twins ní 2021. Òun ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀, ó sì dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun. Ọ̀nà tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ méjì wà, ẹ ti rìn ín rí.

6. Ti ilé mi.

Àkọ́bí mi ń ṣe fútbọ́ọ̀lù nílé ìwé girama. Kóòṣì kan wá láti ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ológun, mi ò ní dárúkọ èyí tó jẹ́. Ó jẹ iyán nílé wa, ó sì fi ìbọ̀wọ̀ bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọmọ béèrè pé bí òun bá dára tó, ṣé òun lè lọ sí NFL, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn ọmọ wa kan ti lọ." Mo bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló ń fọwọ́ sí i? Ìgbà wo ni wọ́n ń dáhùn? Bí òfin bá yí padà nígbà tí ọmọ mi wà ní ọdún kẹrin, òfin wo ló máa tẹ̀ lé? Kò mọ ìdáhùn ẹyọ kan. Mi ò dá a lẹ́bi, nítorí ẹ̀yin tó yẹ kó mọ̀ kò mọ̀. Ó ní òun máa fi ìwé ránṣẹ́. Ìwé kankan kò dé. Ọmọ mi, tó ti ń fẹ́ láti kékeré láti wọ aṣọ ogun orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí i sí, lọ sí ilé ìwé mìíràn. Èmi ni mo ní kó lọ. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀gá ológun rere ni ì bá jẹ́.

7. Ohun tí mo ń béèrè nìyí, kò pọ̀, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀ púpọ̀.

Ohun yòówù kí òfin tó wà nílẹ̀ lónìí sọ, ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé òfin tí ọmọ bá bá nílẹ̀ lọ́jọ́ tó tọwọ́ bọ̀wé ọdún kẹta ni òfin tó máa bá a jáde. Bí ẹ bá fẹ́ yí i padà lọ́la, ẹ yí i padà fún ọmọ tí kò tíì wọlé. Èyí ni olórí ẹ̀bẹ̀ mi, tí ẹ bá sì ṣe èyí nìkan, lẹ́tà mi kò lọ lásán.

Ẹ jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo ìwọ̀n kan náà. Kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Kinley nígbà tí Rhattigan ń lọ sí Seattle má ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ẹ fi ọjọ́ sí ìdáhùn. Kí ọmọ tó bá béèrè rí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" gbà kí oṣù kejì tó parí, kí àwọn ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yan ọmọ ní oṣù kẹrin. Bí "rárá" bá ni, kí ó jẹ́ "rárá" tí kò ní yí padà, kí ọmọ náà mọ ibi tó ń lọ.

Bí ẹ bá sì sọ pé kí ẹnì kan lọ, ẹ jẹ́ kó san gbogbo ọdún rẹ̀ nígbà tó bá dé. Ọdún márùn-ún pé pérépéré, láìdín ọjọ́ kan. Kí àwọn ará ìlú tó sanwó rí i pé wọ́n san án, kí ẹ sì máa tẹ iye àwọn tó lọ, àwọn tó padà wá sìn, àti àwọn tó dá owó padà jáde lọ́dọọdún níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á.

Èyí tó kẹ́yìn kan àwọn òbí. Kí ìwé ojú kan wà, tí wọ́n kọ ní èdè tó rọrùn, tí kóòṣì gbọ́dọ̀ fún òbí kó tó kúrò nílé wọn: ọdún mélòó ni, ọjọ́ wo ni ilẹ̀kùn máa tì, ta ló ń fọwọ́ sí i, kí ni òfin sọ nípa eré. Kí òbí tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí kóòṣì náà tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọmọ mi tó kéré jù ń wọ kíláàsì kẹwàá. Ó yára ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó sì ti ń béèrè nípa Annapolis, tí kò ju ìrìn wákàtí kan sí ilé wa. Mo ti sọ fún un pé mo kọ̀wé sí yín, pé kó dúró títí ẹ ó fi dáhùn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òbí kan ní Maryland, ọmọ aránṣọ Mọ́kọ́lá